Mẹ́ta sí mẹ́ta lójú agbọ̀n kan: ṣé mò ń fi àkókò àwọn ọmọ yìí ṣòfò ni?

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti wọlé sáà yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní apá Ọ̀bà-Ilé, níbí ní Akúrẹ́. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀ nígbà tí mo wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Akúrẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n máa mójú tó àwọn ọmọ tó bá fẹ́ gbá a láàárọ̀ Sátidé. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin márùn-ún.

Ohun tí a ní kò pọ̀. Ojú kọ́ńkéré kan wà lẹ́yìn kíláàsì, tó fẹ̀ tó ibi tí ọkọ̀ mẹ́jọ lè dúró sí. Òpó irin kan wà níbẹ̀ tí wẹ́dà bá wa jó, agbọ̀n kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù méjì la ní, ọ̀kan nínú wọn kì í gba afẹ́fẹ́ dúró ju ọjọ́ méjì lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni mo dà sójú pápá lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́fà síhìn-ín, méje sọ́hùn-ún. Ariwo ni mo gbọ́, n kò rí eré. Wọ́n á rọ́ lé bọ́ọ̀lù lórí bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, kí mẹ́ta máa bá mẹ́ta gbá lójú agbọ̀n kan yẹn. Ara wọn ti yá. Ọmọbìnrin kan tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní kíláàsì ló ń pariwo báyìí pé, "Fún mi! Mo wà níbí!"

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọmọ kan dúró wò wá, nígbà tó yá ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, eré ìgboro lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí. Márùn-ún sí márùn-ún ni básíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá dé ibi ìdíje, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí." Ọ̀gá wa náà gbọ́ sí i, ó ní kí n yan márùn-ún tó mọ̀ ọ́n gbá jù, kí n máa múra wọn sílẹ̀ fún ìdíje, kí àwọn yòókù máa wò wọ́n kọ́ṣẹ́.

Ọkàn mi sọ fún mi pé mẹ́ta sí mẹ́ta ló dára fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá kí n ní ọkàn mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọdé rí, ṣé mò ń ṣì wọ́n lọ́nà ni?

Ìbéèrè kejì: mítà 3.05 ni agbọ̀n wa ga, bí ìwé òfin ṣe wí. Àwọn kéékèèké inú wọn ń gbé bọ́ọ̀lù láti ìbàdí kí wọ́n tó lè jù ú, síbẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ondó Gidi

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fara mọ́ bàbá yẹn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo gbá fún ilé ìwé wa nígbà tí mo wà ní girama ní Ondó. Ìdajì pápá la máa ń gbá lójoojúmọ́, nítorí pé agbọ̀n kejì ti wó lulẹ̀ kí n tó wọlé ìwé náà, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe títí tí mo fi jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa wá sí Akúrẹ́ láti bá ilé ìwé mìíràn gbá lórí odindi pápá, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tí èémí wa ti ń já. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Bí a bá gba bọ́ọ̀lù mọ́ wọn lọ́wọ́, dípò kí a sáré lọ sí òdìkejì kí wọ́n tó padà sẹ́yìn, ṣe là ń gbé bọ́ọ̀lù jáde síta ìlà, bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Wọ́n nà wá bí kíkú bí yíyè. Ní gbogbo ọ̀nà Ondó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, bí ìdíje bá ń bọ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ odindi pápá o. Ojú máa ń tini.

Kóòṣì Káfíńtà, Ọ̀nà Ọ̀dà

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ará Ondó, òótọ́ lẹ sọ, màá padà sórí rẹ̀.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní básíkẹ́ẹ̀tì ní Akúrẹ́ yìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà ni mí, iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ mi. Ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, bí ọ̀gá yín ṣe ní kí ẹ ṣe é gan-an ni mo ṣe é: mo yan márùn-ún, mo sì gbájú mọ́ márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi jáwọ́.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Kì í pẹ́ dé. Màá ṣì máa ṣí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́wọ́, òun á ti jókòó sórí pákó níta, á ti so okùn bàtà rẹ̀ ní oríṣi méjì nítorí pé okùn ẹsẹ̀ kan ti já, tí wọ́n fi okùn àpò ìrẹsì rọ́pò rẹ̀. Ó wà nínú márùn-ún tí mo yàn, ṣùgbọ́n kò lágbára tó àwọn ọkùnrin, nítorí náà kọ̀rọ̀ apá òsì ni mo ń fi í sí. Mo ní kó dúró síbẹ̀ kí àyè lè gba àwọn tó kù. Ó dúró. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ibi tí mo ní kó dúró sí ló ń dúró sí.

Lọ́jọ́ kan àbúrò mi wá kí mi láti Ìbàdàn, ó jókòó tì mí níbi tí wọ́n ti ń gbá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara ọmọ tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn kò yá ni?" Mo ní ara rẹ̀ yá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan bọ́ọ̀lù."

Inú bí mi. Ẹni tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, kí ló rí? Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì mo bu àgbàdo gbígbẹ sínú àpò ọ̀tún ṣòkòtò mi. Ìgbàkígbà tí ọwọ́ ọmọ yẹn bá kan bọ́ọ̀lù, mo mú hóró kan láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi gbá a. Nígbà tí mo délé, mo da àpò òsì sórí tábìlì. Hóró mẹ́rin. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bọ́ọ̀lù tó yí bọ́ sínú gọ́tà ni, òun ló sáré lọ mú un wá fún wọn.

Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa. Ọmọ tó ń dé kí n tó ṣílẹ̀kùn!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ kan náà, ogún ìṣẹ́jú kan náà. Hóró mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lápò òsì. Mo tún un kà. Mi ò pe èyí ní ìwádìí o, ọmọ kan ni, ọjọ́ méjì péré sì ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò fi ọmọ kankan sí kọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ wò ó, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà lójú pápá. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ń pín in, tí méjì nínú wọn sì le ju àwọn yòókù lọ, àwọn méjì yẹn nìkan ló ń gbá a, àwọn mẹ́jọ tó kù kàn ń sáré lọ sáré bọ̀ ni. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí. Ẹni méjì péré ni ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lè fún, ìwọ sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí o ń ṣọ́, ìwọ nìkan lo ń ṣọ́ ọ. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá, gbogbo ayé ló rí i. Bí bọ́ọ̀lù bá kan irin agbọ̀n tó ta padà, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Ọmọ á máa pinnu ní gbogbo ìgbà: ṣé kí n jù ú ni, ṣé kí n fún un ni, ṣé kí n wọlé ni? Ìpinnu yẹn ni èmi ń kọ́ wọn. Ọmọ tí kò pinnu ohunkóhun fún ogún ìṣẹ́jú, eré ìje ló sá.

Ẹ bá mi bi bàbá yẹn léèrè, níbo lòun ti kọ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n mo mọ èsì tó máa fún yín. Mọ́ńkí póòsìtì ni. Òkúta méjì síhìn-ín, òkúta méjì sọ́hùn-ún, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lápá kan, lójú títì àdúgbò, tí ẹnì kan á máa kígbe pé "Ọkọ̀ ń bọ̀ o!" Kò sí ọmọ Akúrẹ́ tó kọ́kọ́ kọ́ bọ́ọ̀lù lórí odindi pápá pẹ̀lú ẹni méjìlélógún. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé bó bá kan básíkẹ́ẹ̀tì, a fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ láti òkè?

Mẹ́ta sí mẹ́ta tí bàbá yẹn pè ní eré ìgboro sì ti dé Òlíḿpíìkì. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Singapore. Nígbà tó di ti Tokyo, èyí tí wọ́n ṣe ní 2021 nítorí Kòrónà, ó bọ́ sínú ti àwọn àgbà. Latvia ló gba góòlù ọkùnrin, Amẹ́ríkà gba ti obìnrin. Ẹ mọ̀ pé iye èèyàn tó wà ní odindi Latvia kò tó mílíọ̀nù méjì, a pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìpínlẹ̀ Ondó nìkan. Ní Paris ní 2024, Nẹ́dálàndì na Faransé 18 sí 17 lójú àwọn ará Faransé fúnra wọn, nínú àfikún àkókò. Jámánì gba ti obìnrin. Orí fóònù ọmọ mi ni mo ti wo ìparí ti Nẹ́dálàndì yẹn, kò síná, bátìrì sì ti ń lọ, àwa mẹ́fà la kó orí jọ sójú fóònù kan.

Ó ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe ìdajì eré ńlá lásán. Ìdajì pápá ni wọ́n ń lò lóòótọ́, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 15, gígùn rẹ̀ mítà 11. Ẹni mẹ́ta ló ń gbá, pẹ̀lú arọ́pò kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, tàbí kí ẹgbẹ́ kan kọ́kọ́ dé póìǹtì 21. Bí o bá jù ú wọlé láti inú ìlà tó tẹ̀ bí ọrun, póìǹtì kan. Láti ẹ̀yìn ìlà, méjì. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kan láti ju bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n èmi yọ aago yẹn kúrò fún àwọn tí kò tíì pé méjìlá, ìkánjú ló ń fà fún wọn. Bí wọ́n bá jù ú wọlé sí yín, kò sí pé réfírì ń fún wa ní bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin lẹ máa mú un lábẹ́ agbọ̀n tí ẹ ó gbé e jáde kọjá ìlà, kí ẹ tó lè gbá a padà. Eré kì í dúró. Ìlà yẹn, okùn ni mo so mọ́ ìdí òpó, mo so ẹfun mọ́ orí okùn, mo sì fi yí i ká.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, òun ló sì le fún mi jù: kóòṣì kò láṣẹ láti máa darí wọn létí pápá. Èmi tẹ́lẹ̀, ẹnu mi kì í dákẹ́. "Fún un! Padà! Gbé ọwọ́ sókè!" Àwọn ọmọ á máa wo ẹnu mi dípò bọ́ọ̀lù. Báyìí, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ni mò ń lọ, màá mú pákó kan àti sáńpépà dání, màá máa ha á kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń ka póìǹtì, àwọn ló ń sọ pé fáòlù ni tàbí kì í ṣe fáòlù. Wọ́n ń jà sí i o, mi ò ní purọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìjà ló pọ̀ ju eré lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rẹ́ jẹ lónìí mọ̀ pé àwọn méjì yìí kan náà lòun máa bá gbá lọ́la, kò pẹ́ tó fi mọ bí a ti í gbà pé "Ọwọ́ mi kàn án."

Ọ̀rọ̀ agbọ̀n. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, fúnra wọn, mítà 2.60 ni wọ́n fi agbọ̀n àwọn ọmọdé tí kò tíì pé méjìlá sí, bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 5 ni wọ́n sì ń fún wọn, kì í ṣe nọ́ńbà 7 tí àwọn ọkùnrin àgbà ń gbá. Ṣé ẹ mọ ibi tí 3.05 yẹn ti wá? Oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní Springfield ní Massachusetts, James Naismith fẹ́ wá eré tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ṣe nínú ilé nígbà òtútù. Ó mú agbọ̀n tí wọ́n ń kó èso písì sí, ó kàn án mọ́ irin ìgbáralé báńkónì. Ibi tí irin náà ga dé nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, òun náà ni mítà 3.05. Kò sẹ́ni tó wọn ọmọdé kankan wò. Lọ́jọ́ náà, mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá a, nítorí pé ọmọ méjìdínlógún ló wà nínú kíláàsì rẹ̀. Tíṣà, ẹni tó dá eré yìí sílẹ̀ wo iye ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ àti ibi tí ilé rẹ̀ mọ, ó sì pín wọn bó ṣe rọrùn fún wọn. Ohun tí ẹ̀yin náà ṣe nìyẹn. Ẹ sọ èyí fún ọ̀gá yín.

Mo rí ohun tí agbọ̀n gíga ń ṣe fún ọmọ kékeré, ó ń bà mí nínú jẹ́. Á gbé bọ́ọ̀lù sí ìbàdí ọ̀tún, á tẹ̀ sẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ á yà síta bí apá adìyẹ, á wá fi gbogbo ara sọ ọ́ sókè bí ẹni ń sọ òkúta sí máńgòrò. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, ó ti mọ́ ọn lára. Ọdún mélòó la máa fi tún un ṣe? Èmi, mo ní kí wẹ́dà lu ihò bóòtù sí òpó mi ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan ní 2.60, ọ̀kan ní 3.05. Èèyàn méjì àti àkàbà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó ti sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn kékeré.

Ẹ̀yin ará Ondó, mo ní màá padà. Ohun tó ṣe yín yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìdajì pápá. Kò sẹ́ni tó mú yín lọ wo odindi pápá kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ẹ̀bi àgbà ni. Àwọn tèmi tó ti pé méjìlá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń kó wọn lọ síbi tí agbọ̀n méjì wà, kí wọ́n mọ bí a ti ń sáré lọ sáré bọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé bí a bá gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀, iwájú là ń lọ. Nǹkan tí wọ́n máa ń kọ́ láàárín Sátidé mẹ́ta mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè di bọ́ọ̀lù mú, tí kò lè gbójú sókè wo ẹnìkejì rẹ̀, odindi pápá kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ní ti pé kí ẹ yan márùn-ún kí mẹ́jọ máa wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ tó ga jù lọ́dún mẹ́wàá lè má ga ju ẹnikẹ́ni lọ ní mẹ́rìndínlógún. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gọ́ọ̀lù ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ (handball). Ó ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Òun àti ẹgbẹ́ Houston ló gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá ti Amẹ́ríkà, ní 1994 àti 1995. Bí wọ́n bá ti yan márùn-ún nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò ní sí láàárín wọn.

Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ yẹn ti wà ní yunifásítì báyìí. Kò gbá fún ẹgbẹ́ ńlá kankan. Bó bá ti wá sílé lásìkò ìsinmi, òun ló ń bá mi kọ́ àwọn kéékèèké.

Nọ́ọ̀sì Ìjàpò

Bàbá Kóòṣì, Ọlọ́run á san án fún yín. Mi ò mọ nǹkan kan nípa póìǹtì, ọ̀rọ̀ ara ni mo fẹ́ sọ sí i.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ikọ́ fée. Mo ti ní kó má gbá bọ́ọ̀lù kankan mọ́ láéláé, lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wálé fún mi lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́. Dókítà rẹ̀ ló bá mi wí, ó ní eré ìdárayá kò léèwọ̀ fún un bí a bá ti ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ yìí ló bá a lára mu. Ó gbá a, ó jókòó, ó mí, ó tún dìde. Tíṣà, ẹ bi àwọn òbí léèrè èwo nínú àwọn ọmọ yín ló ní in. Kí inhaler rẹ̀ wà lápò yín létí pápá, kò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí wọ́n tì mọ́ kíláàsì.

Ẹ̀kejì, ìka. Bọ́ọ̀lù á lu orí ìka, ìka á wú, àgbà kan á sì sáré wá fà á "kó lè padà sáyè rẹ̀." Ẹ má fà á o! Omi tútù tàbí yìnyín tí a fi aṣọ wé, fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ so ó pọ̀ mọ́ ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá wọ́, tàbí tí kò lè tẹ̀ ẹ́, ọsibítù ló kàn.

Kọ́ńkéré le, nítorí náà kò sí sálúbàtà, kò sí ẹsẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí kí oòrùn tó mú, kí olúkúlùkù sì mú omi tirẹ̀ wá.

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ àgbàdo yẹn fún ìyá mi, ńṣe ló dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an, lónìí ni màá kọ lẹ́tà sí àwọn òbí. Bàbá Kóòṣì, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣì kù. Mẹ́fà ló ń gbá, méje ń dúró, agbọ̀n kan ló wà. Kí ni kí n fi àwọn méje ṣe? Ohun tí mò ń ṣe ni pé ẹgbẹ́ tó bá borí á dúró, ẹlòmíì á wọlé.

Kóòṣì Káfíńtà, Ọ̀nà Ọ̀dà

Ìyẹn nìkan ni kí ẹ má mú lára mọ́ńkí póòsìtì. Bó bá jẹ́ ẹni tó borí ló ń dúró, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀ ni yóò máa gbá láti àárọ̀, àwọn tó nílò rẹ̀ jù á máa jókòó. Ibi kọ̀rọ̀ náà la tún padà sí yẹn.

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ mẹ́ta ní ẹni mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀kan tó kù ní ẹni mẹ́rin. Ẹgbẹ́ méjì á gbá fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n borí, wọn ò borí, wọ́n á kúrò. Ẹgbẹ́ kẹta á wà níbi ògiri pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kejì, wọ́n á máa fọwọ́ òsì nà án mọ́lẹ̀, wọ́n á máa jù ú lu ògiri kí wọ́n sì máa hán an. Ẹgbẹ́ kẹrin ni réfírì, òǹkà, àti ẹni tó ń wo aago. Ẹ má kó wọn sí iṣẹ́ yẹn bí ìyà, ọmọ tó bá ń pe fáòlù ń kọ́ eré náà lọ́nà mìíràn. Ẹ tún wọn pín ní gbogbo Sátidé, kí àwọn mẹ́ta kan má sọ ara wọn di ọba.

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá jábọ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ ọ̀rọ̀ Naismith àti báńkónì fún un. Ó ní kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí sáà yìí á fi parí, lẹ́yìn náà a ó tún jókòó sọ ọ́. Kò gbà pátá, kò sì kọ̀.

Bàbá yẹn tún wá ní Sátidé. Mo bu àgbàdo lé e lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi ka ti ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ wo nìyí, ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń ti hóró láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà kejì, àgbàdo tán lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i tó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ márùn-ún sí márùn-ún mọ́. Ohun tó bi mí ni pé iye mélòó ni wẹ́dà máa gbà láti lu ihò kejì sí òpó, ó sì san ìdajì rẹ̀.

Wẹ́dà ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Bàbá Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, sípánà nọ́ńbà mélòó lẹ ń lò sí bóòtù tiyín?

Kóòṣì Káfíńtà, Ọ̀nà Ọ̀dà

Mọ́kàndínlógún. Méjì ni kí ẹ wá o, ọ̀kan á di nọ́ọ̀tì mú lẹ́yìn. Kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ sí bóòtù yẹn kí òjò tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tú mọ́.